Mo gbé takisí mi sílẹ̀ kí ọmọ mi tó rí iṣẹ́: àgbéyẹ̀wò ètò supported internship ní London

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ètò yìí, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìpèníjà níṣẹ́ níbi iṣẹ́ gan-an. N óò sọ ibi tí ìràwọ̀ kan yòókù há sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé wa débẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn òbí Yorùbá tó ní irú ọmọ yìí ní ìlú òyìnbó pọ̀, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í sọ ọ́ síta.

Takisí ni mò ń wà ní Peckham, ó ti lé ní ọdún 19. Mofẹ́ ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 23. Ìpèníjà òye kan tí wọ́n ń pè ní Down syndrome ni wọ́n bí mọ́ ọn. Nǹkan tuntun máa ń pẹ́ kó tó yé e, lẹ́tà inú ìwé máa ń dàrú mọ́ ọn lójú, ọ̀rọ̀ a sì máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bó bá ń kánjú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, ó wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Láti ìgbà tó ti wà ní nọ́sìrì ni mo ti ń fi mọ́tò gbé e lọ, gbé e bọ̀. Bó bá ti di agogo 3 ọ̀sán, n kì í gba èrò mọ́, kí n lè lọ mú un. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ju ìyẹn lọ tí bàbá lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí á tó dé ibi ètò yìí, ojú wa ti rí nǹkan. Nígbà tí Mofẹ́ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, iléeṣẹ́ kan tó ń báni wáṣẹ́ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù 11 kọjá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́, orúkọ ẹlòmíì ló sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé oúnjẹ kan ní kó wá dán iṣẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ 14 ló fi fọ abọ́ fún wọn, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọn kò fún un ní pọ́ùn kan. Ọjọ́ tí mo béèrè owó, wọ́n ní kó má wá mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mofẹ́ wọ ẹ́púrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó wọ bàtà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa títí di ọ̀sán, ó ń retí kí n gbé òun lọ. Ìyá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀, Tèmi, ló bá a tú okùn ẹ́púrọ́ọ̀nù náà.

Ní England níbí, nínú àwọn àgbàlagbà tó ní irú ìpèníjà òye yìí tí kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) ń bójú tó, bíi 5 péré nínú 100 ló níṣẹ́ olówó. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ iye yẹn, mo rò pé ẹni tó sọ ọ́ ṣì í sọ ni. Mo wá jókòó, mo ka àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé pẹ̀lú Mofẹ́. Èèyàn 9 ni mo rántí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní iṣẹ́.

Ohun tí ètò náà jẹ́ rèé. Ọmọ ọdún 16 sí 24 tó ní EHC plan, ìyẹn ìwé láti ọwọ́ kánsù tó sọ ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ọmọ nínú ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú, ni wọ́n ń gbà. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe é. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó parí ní oṣù keje ọdún 2025. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ gan-an ni ọmọ máa ń wà lọ́pọ̀ jù lọ. Tiwa jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní gúúsù London. Wọn kì í sanwó fún ọmọ lásìkò náà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti ilé oúnjẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, torí pé ìwé wà, ọjọ́ tí yóò parí wà, job coach sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀pọ̀ irú ètò báyìí ló wo àwòṣe Project SEARCH, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Cincinnati, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1996. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Erin Riehle ni olórí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì níbẹ̀. Àwọn tí ó ń gbà síṣẹ́ láti máa to irinṣẹ́ sí ààyè wọn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wá rò ó pé ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìpèníjà òye kò lè ṣe é. Wọ́n ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí iṣẹ́ yẹn gan-an ni Mofẹ́ bọ́ sí nígbẹ̀yìn, a kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ la ń lọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́. Èmi, ìyá rẹ̀, Mofẹ́, àti job coach, obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá. Ó bi Mofẹ́ pé irú iṣẹ́ wo ló wù ú. Mo dáhùn. Ó bi í pé kí ni kò fẹ́ràn. Mo dáhùn. Nígbà kẹta, obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé sà, ṣùgbọ́n Mofẹ́ ni mo bi." Gbogbo wa dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ gan-an, kò ràn án lọ́wọ́, kò tún ìbéèrè náà bi í. Mo ń gbọ́ ohùn aago ara ògiri. Mofẹ́ wá ní, "Mo fẹ́ kí nǹkan wà ní ààyè ẹ̀."

Ohun tí mo ti kọ sínú fọ́ọ̀mù ni pé ó fẹ́ràn ọmọdé àti orin. Òótọ́ ni, ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin náà wá sílé wa. Ó ní òun fẹ́ rí ohun tí Mofẹ́ ń ṣe nílé tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ìyàwó mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì hàn án. Èlùbọ́ wà nínú ike olómorí aláwọ̀ ewé, gààrì Ìjẹ̀bú nínú olómorí pupa, gààrì tí a fi ń tẹ ẹ̀bà nínú olómorí funfun, ẹ̀wà olóyin ní apá òsì, ẹ̀wà funfun ní apá ọ̀tún, èyí tí a kọ́kọ́ rà wà níwájú, tuntun wà lẹ́yìn. Mofẹ́ ló ń to gbogbo rẹ̀ láti ọmọ ọdún 12. Bí a bá ṣe òde, òun ló máa ń mọ kúlà tó jẹ́ ti Ìyá Ṣọlá àti abọ́ tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ṣì í dá padà rí. Ojoojúmọ́ là ń rí i, a kò kà á sí nǹkan kan. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ náà wà nílé wa lóòótọ́, àlejò ló wá tọ́ka rẹ̀ fún wa. Obìnrin náà ya fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó fi sínú fáìlì Mofẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá bi yín nípa ọmọ yín, ẹ má kọ "onírẹ̀lẹ̀ ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín". Ẹ kọ irú nǹkan báyìí. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe, iye ìgbà tó ń ṣe é, àti bó ṣe ń ṣe é. Kò sí òṣìṣẹ́ kánsù kankan tó lè mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mọ́tò dé.

Obìnrin náà ní Mofẹ́ gbọ́dọ̀ máa dá lọ síbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo ní kò ṣe é ṣe. Mo ní mo ń wa takisí, ọ̀fẹ́ ni mo fi ń gbé e, kí ló burú níbẹ̀? Ó ní, "Bí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn." Inú bí mi fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé pé a kò ṣe mọ́.

Kánsù ti fún Mofẹ́ ní Freedom Pass ti àwọn àkàndá, ọ̀fẹ́ ló fi ń wọ bọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà 36 ló ń gbé e láti Peckham. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, job coach jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jókòó sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dúró dè é ní ibùdókọ̀ tí yóò ti sọ̀. Tèmi ya fọ́tò àwọn ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò máa rí lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù alásọ kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ọgbà Camberwell Green, ó fi wọ́n sínú ike pẹlẹbẹ, ó so wọ́n mọ́ okùn tí Mofẹ́ ń gbé kọ́rùn. Káàdì tó kẹ́yìn sọ fún ẹni tó bá kà á pé: mo ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì wo ni kí n wọ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá lọ, mo fi mọ́tò tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ lókè nítorí gèlè àwọ̀ ìyeyè tó wé. Nígbà tí a dé Camberwell, bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ní kò lọ síwájú mọ́, kí gbogbo èèyàn sọ̀. Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo rí i tó sọ̀kalẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, òun dúró gbagidi sójú kan, ó di ọwọ́ báàgì rẹ̀ mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹsẹ̀ mi kan ti kan ilẹ̀, ni fóònù mi dún. Job coach ni. Òun náà wà lódìkejì títì, ó ń wò ó, ó sì ti rí mọ́tò mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà sínú mọ́tò. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì."

N kò mọ bí mo ṣe jókòó padà. Mofẹ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀, ó ń ṣí àwọn káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé èyí tó kẹ́yìn. Ó rìn lọ bá ìyá kan tó ń ti ẹrù, ó na káàdì sí i. Ìyá náà kà á, ó nawọ́ sí 36 mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mofẹ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wo ìsàlẹ̀ rárá.

Mo padà sílé. Láti ọjọ́ yẹn n kò tẹ̀ lé e mọ́.

Ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́ta ló ti kọ́ṣẹ́ láàárín ọdún náà. Kíṣìnnì kò bá a lára mu, ariwo ibẹ̀ pọ̀. Ibi ìfọṣọ sàn díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ wọ́ọ̀dù sí, ibẹ̀ ni orí rẹ̀ gbé e sí. Wọ́n pè wá lọ́jọ́ kan kí á wá wò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó rí i pé ìbọ̀wọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò tán lára ògiri. Oríṣi mẹ́ta ni, kékeré, àárín àti ńlá. Job coach ti gé iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ 14. Wọ́n lẹ àmì aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ pákó tó wà nínú yàrá, wọ́n lẹ irú rẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí ó má baà jẹ́ pé lẹ́tà ni yóò máa kà. Mofẹ́ ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀ wọlé, ó fi ìka kan ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, ó fi í wé èyí tó wà lórí pákó, ó gbé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ máa pé síwájú. Ó ya ẹnu páálí kọ̀ọ̀kan láìfà á ya. Ó wá fa ìbọ̀wọ́ kan jáde díẹ̀ kí ó yọ orí síta, kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì lè tètè bà á. Ìyẹn kò sí nínú ìgbésẹ̀ 14 yẹn. Òun ló fi kún un. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá Mofẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù wa nìyí."

Nígbà tí ààyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo bẹ̀rù. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin Equality Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó bá yẹ fún àkàndá, títí kan bí ó ṣe ń yan ẹni tí yóò gbà. Job coach kọ̀wé béèrè pé dípò ìbéèrè lẹ́nu, kí wọ́n jẹ́ kí Mofẹ́ ṣe iṣẹ́ náà fún wákàtí kan lójú wọn. Wọ́n gbà. Wọ́n sì gbà á síṣẹ́, wákàtí 16 lọ́sẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Owó tí òfin sọ nígbà náà, láti oṣù kẹrin ọdún yẹn, pé kò gbọdọ̀ dín sí ni £12.21 ní wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21, kò sì sí òfin níbí tó ní kí á san kéré fún ẹni tó ní ìpèníjà. Ti Mofẹ́ tilẹ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ìjọba ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, arákùnrin kan ní bí Mofẹ́ bá ṣiṣẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọn yóò gba gbogbo owó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. PIP, owó tí ìjọba ń fún àkàndá, kò wo owó iṣẹ́, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú iye tí èèyàn ń gbà. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ló ń dín kù, òun náà kì í lọ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Iye kan wà tí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹni tó ní ìpèníjà, bí owó iṣẹ́ bá kọjá rẹ̀, pẹ́nì 55 ni wọ́n ń yọ nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tó lé. Mo fi bírò ṣe ìṣirò tiwa. Owó Mofẹ́ pọ̀ sí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ kò pé ọmọ yín, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá yín ṣírò rẹ̀.

Ìyá mi ní Abẹ́òkúta bínú sí mi nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní, "Ọmọ tí Ọlọ́run ní kí ẹ máa tọ́jú, ẹ wá ń fi ṣiṣẹ́?" Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ní ilé níbẹ̀, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí àwọn àkàndá tó, ó kéré tán, 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ní àdúgbò ìyá mi, ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ Mofẹ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń wà bí àlejò bá dé. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí Mofẹ́ gbà, ó fi lé mi lọ́wọ́ nínú àpòòwé, bí Tèmi ṣe ṣàlàyé fún un pé àwa Yorùbá ń ṣe. A yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó pè wá lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ náà. "Àdùkẹ́," ó ń pe oríkì rẹ̀, "Àdùkẹ́ mi, ìwọ lo rán èyí sí mi?" Mofẹ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ṣiṣẹ́."

Ó wá kan ìràwọ̀ tí mo yọ. Àkọ́kọ́, agogo 2 ọ̀sán ni wọ́n máa ń fi ìpàdé òbí sí. Ìyàwó mi ń tọ́jú arúgbó, bí kò bá lọ síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ. Ètò tó ní ìdílé ni òpó rẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé ìdílé ń ṣiṣẹ́. Ìkejì, lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n pààrọ̀ job coach Mofẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìsọ fún wa. Kò jẹun dáadáa ní gbogbo àsìkò náà, a kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí ti àkọ́kọ́ fi padà. Ìkẹta, àwọn lẹ́tà wọn le jù. Mo gbọ́ òyìnbó, mo kàwé, síbẹ̀ Tèmi ló ń túmọ̀ wọn fún mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ orí. Ọmọ ẹni tó bá ti kọjá ọdún 24, tàbí tí kò ní EHC plan, kò lè wọlé. Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ Mofẹ́, ó sáré wá bá mi pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ náà ti pé ọdún 31. Mo júwe ẹ̀ka kánsù tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn àkàndá àgbàlagbà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà. Nítorí náà, bí tiyín bá wà ní ọdún 18 tàbí 19, ẹ má dúró. Oṣù kẹsàn-án ni ètò ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ti béèrè láti ìparí ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sínú EHC plan ọmọ yín gan-an, kì í ṣe pé kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu.

Bí ọmọ bá ti ríṣẹ́ olówó, Access to Work, tó jẹ́ ti ìjọba, lè san owó job coach tí yóò máa bá a lọ. Òun ló ń sanwó ti Mofẹ́ báyìí, a kì í dá a padà. Wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló kù, yóò sì tún dín kù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Mofẹ́ ń lọ lọ́sẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ọjọ́ Ẹtì kún un, torí ọjọ́ náà ni ẹrù tuntun ń dé, ó sì ń bí i nínú pé ẹlòmíì ló ń tò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá náà ní òun yóò wò ó, kò tíì fèsì.